Alágbàtọ́ Tí N Kò Bẹ̀ Lọ́wẹ̀

Ìjerò-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ, 1965.

Dúrótoyè ọmọ mi, ọkọ mi,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú àìrójú, mo sì kí ọ kú iṣẹ́ tí ojú mi kò tó. Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ ń lọ lọ́fun? Bí o bá béèrè wa, a wà láàyè, bàbá rẹ le koko bí ẹsẹ̀ àga, ewúrẹ́ olórí funfun bí méjì, akọ kan, abo kan. Ọlọ́run tó gbé ọ gun mọ́tò lọ sí Èkó tí mọ́tò kò dojú dé, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ọ níwájú, yóò máa ṣọ́ ọ lẹ́yìn. Ojú tí ń ṣe ìlara rẹ yóò fọ́. Kì í ṣe ojú tèmi ni mo ń wí o. Ojú ìyá kì í ṣe ojú ìlara, ohunkóhun tí o bá kà nínú lẹ́tà yìí.

Mary àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ ọ́. Láti ìgbà tí ó ti parí ilé ìwé girama ní oṣù kejìlá, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́, àfi kó jókòó kó máa wo èèyàn. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má bu omi sí i. Ó ní òun yóò kọ ọ́ bó ti jáde lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n Yorùbá ilé ìwé ni òun yóò fi kọ ọ́. Mo ní kó fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi bí a ti ń sọ ọ́ níbí, kí o lè gbóhùn mi nínú rẹ̀. Ulé. Kì í ṣe ilé, ulé. Ulé rẹ ń kí ọ, Dúrótoyè.

Samson awakọ̀ ló mú lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó sì bá mi níbi tí mo ti ń sá ẹní rẹ sóòrùn. A ti ń retí rẹ. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ pé yunifásítì yín yóò tìlẹ̀kùn fún oṣù mẹ́ta ni mo ti tún ilẹ̀ yàrá rẹ pa, mo lé àwọn adìyẹ tí ń yé ẹyin níbẹ̀ jáde. Ebè méjìlá tí o kọ nígbà Àjíǹde, tí o fi ọwọ́ ara rẹ gbin iṣu sí, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Gbogbo ilé ti ń jẹ iṣu tuntun, tìrẹ ṣì wà nínú ilẹ̀. Bàbá rẹ ní ọ̀yà yóò bá mi jẹ ẹ́. Mo ní kí ọ̀yà wá, kó wá rí mi.

Mary wá tú lẹ́tà, ó kà á, mo sì gbọ́ pé o kò ní wá.

O ní ọ̀gá kan ní yunifásítì ti yan ìwọ àti àwọn ọmọ mẹ́ta mìíràn pé kí ẹ lo ìsinmi yìí lọ́dọ̀ òun, kí ẹ máa bá òun ṣe ìwádìí lórí iná mọ̀nàmọ́ná. Bàbá rẹ ní ẹni tí ń wádìí ohun tí kò sọnù, wàhálà ló ń wá. Mo ní kó jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀. O ṣàlàyé fún wa, mo sì dúpẹ́, torí o mọ̀ pé n kì í fẹ́ kí nǹkan ṣókùnkùn sí mi. O ní iná tí ń gba inú wáyà wọlé kì í dúró sójú kan. O ní ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà àádọ́ta kí èèyàn tó pe ení. Mo ní kí Mary tún un kà. Ó tún un kà, àádọ́ta náà ni. Dúrótoyè, iná tí kò lẹ́sẹ̀, tí kò ní ìyá tó bí i, ó ń lọ ó sì ń bọ̀ nígbà àádọ́ta kí èèyàn tó pe ení, ìwọ tí o ní ẹsẹ̀ méjì, tí bọ̀lẹ̀kájà Samson ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yín, o kò lè bọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti Àjíǹde! Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò parí sí, àfi bí o ti tún sọ pé iṣẹ́ tí ọ̀gá gbé lé yín lọ́wọ́ gan-an ni pé kí iná náà jáwọ́ nínú bíbọ̀, kó máa lọ síwájú nìkan. Mo wo bàbá rẹ, bàbá rẹ wò mí. Ọ̀gá yẹn mọ ẹni tó yàn. Ní gbogbo Èkìtì, kò sí ẹni tó mọ lílọ láìbọ̀ jù ọ́ lọ.

Bàbá rẹ béèrè pé báwo ni èèyàn ṣe ń kọ́ iná ní irú ìwà bẹ́ẹ̀. Mary tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ló dáhùn, ó ní ìgèrè ni. Ó ní ohun kékeré tí o yà sínú lẹ́tà, tí o ní kò ju awẹ́ obì lọ, bí ìgèrè tí bàbá rẹ ń dẹ fẹ́ja lódò ló ṣe rí, pé iná lè gba ẹnu rẹ̀ wọlé, kò lè gba ibẹ̀ padà. Bàbá rẹ ní ó yé òun. Ó tún kà níbi tí o ti sọ pé irú èyí tí ẹ ń dán wò ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé ni, pé kì í jẹ́ kí iná kọjá rárá, á kàn pa ẹnu dé, àfi bí wọ́n bá fi iná díẹ̀ kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn, ìgbà náà ni yóò tó ṣí. Èyí yé èmi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí bàbá rẹ ṣe rí nìyẹn láti ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ.

O tún ní àpótí kan wà níwájú rẹ tí ó ní gíláàsì lójú, pé ìlà aláwọ̀ ewé kan ń rìn nínú rẹ̀ bí ekòló, ó ń ga, ó ń rẹlẹ̀, pé ìwọ sì ń wò ó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo ti rí irú àpótí bẹ́ẹ̀ rí nílé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ya àwòrán àyà bàbá rẹ, ohun tó wà nínú èèyàn ló ń fi hàn. Má bẹ̀rù. Aràn kì í pa ọmọkùnrin. Ejìnrìn ni kí o gún, kí o mu omi rẹ̀ ní òwúrọ̀ mẹ́ta láìtíì jẹun, ekòló náà yóò dúró. Mo ti di í fún ọ pẹ̀lú àwọn ẹrù tí n óò sọ nípa wọn.

Ohun tó tún kọ mí lóminú ni pé o ní ọ̀gá yóò máa fún yín ní pọ́ùn mẹ́wàá lóṣù. Ta ló ń sanwó fún ọmọ iṣẹ́? Ọmọ iṣẹ́ ló ń sanwó fún ọ̀gá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ Káyọ̀dé kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Ẹ̀fọ̀n, a sanwó, a gbé iṣu, a ru igi, ó tún fọ aṣọ ìyàwó ọ̀gá fún ọdún mẹ́ta. Ọ̀gá tó bá ń fún ọmọ iṣẹ́ lówó, ó ní ohun tó ń fojú sí lára ọmọ náà. Kò fẹ́ kó lọ ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èyí ló mú mi jókòó ti lẹ́tà láti àárọ̀. Fọ́ọ̀mù ni.

O fi ẹ̀dà fọ́ọ̀mù iṣẹ́ náà sínú lẹ́tà, o ní kí a bá ọ fi pamọ́. Mary ń kà á fún mi láti òkè, orúkọ rẹ, ọjọ́ orí rẹ, ìlú rẹ, gbogbo rẹ̀ pé. Ó dé ìsàlẹ̀, ó dákẹ́. Mo ní kí ló dé. Ó ní oòrùn ń wọ òun lójú. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ nígbà náà, Dúrótoyè. Mo gba ìwé náà, mo fi gèlè bo orí, mo gbé e lọ bá Tíṣà Ọlátúnjí tó kọ́ ọ ní ABD. Tíṣà wò ó, ó nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún wò ó, ó ní ibi tí a ti ní kí òbí tàbí alágbàtọ́ fọwọ́ sí, alágbàtọ́ ló fọwọ́ sí i. Mo ní ta ni alágbàtọ́. Ó ní Ìyáàfin Elizabeth kan. Ìyáàfin Elizabeth, ìyẹn ìyá Ayọ̀bọ́lá, onílé rẹ.

Dúrótoyè, ọjọ́ wo ni mo kú?

Ọmọ tí à ń wá alágbàtọ́ fún níbí ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú, tàbí tí ìyá rẹ̀ ya wèrè, tàbí tí ìyá rẹ̀ lọ fẹ́ ọkọ mìíràn tí kò mú un dání. Èwo ni mo ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Bó bá jẹ́ pé mo kú ni, ó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún mi. Mo sọ fún bàbá rẹ. Ó ní alágbàtọ́ ni, alágbàtọ́ kọ́ ni, ṣé ọmọ ń jẹun? Mo yan ọkùnrin náà lódì fún ọjọ́ méjì gbáko. Kò fura.

Mo wá ní kí Mary kó gbogbo lẹ́tà rẹ ọdún yìí jáde, kó ka iye ìgbà tí o dárúkọ obìnrin yìí. Lẹ́tà mẹ́rin ni. Ìgbà mọ́kànlá ni o dárúkọ rẹ̀. Ìyá Ayọ̀bọ́lá se ẹ̀gúsí, ó bu tìrẹ sílẹ̀. Ìyá Ayọ̀bọ́lá bá ọ lọ aṣọ. Ibà mú ọ, ìyá Ayọ̀bọ́lá ra kíníìnì. Èmi ńkọ́? Ìgbà mẹ́fà. Mẹ́rin nínú rẹ̀, ẹ bá mi kí Màámi ni, èyí tí gbogbo ayé ń kọ. Ìkarùn-ún, kí n fi gàrí ránṣẹ́. Ìkẹfà, Mary ní kò yẹ kí a kà á mọ́ ọn, torí ìyá ẹlòmíràn ni o ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀gúsí! Ta ló kọ́kọ́ fi ẹ̀gúsí sí ọ lẹ́nu? Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń yọ egungun ẹja lórí ahọ́n. Obìnrin yìí bá ẹnu tí mo ti kọ́ tán, ó wá ń bu oúnjẹ sí i, ó ń gba ìkíni. Bẹ́ẹ̀, ó ní ọmọ tirẹ̀, orúkọ ọmọ rẹ̀ la fi ń pè é! Mo sì ti ń rò ó lọ́kàn mi pé Ayọ̀bọ́lá yìí, ọmọ ọdún mélòó ni? O ṣàlàyé iná fún wa ní ojú ìwé mẹ́ta, o kò sọ ọjọ́ orí Ayọ̀bọ́lá. Ìyá tó ní ọmọbìnrin tó tó lọ́kọ nílé, tó wá ń bá ọmọkùnrin ọlọ́mọkùnrin lọ aṣọ, n kò nílò kí wọ́n kọ ohun tó ń wá sínú fọ́ọ̀mù fún mi.

Mo fẹ́ pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra, ṣùgbọ́n Sẹ̀kínát ti gbọ́. O mọ Sẹ̀kínát tí ń ta iyọ̀ ní ojúde kejì, ìyá Ràímì. Ràímì ń ránṣọ ní Aramọkọ, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń délé, ó ń gun kẹ̀kẹ́, ó ń tẹ aago rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé ọmọ Sẹ̀kínát dé. Mo lọ ra iyọ̀, obìnrin yìí wọn iyọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá Dúrótoyè, ẹ kú ọmọ o, ọmọ tó ń di iná mú. Ó ní tòun ò mọ iná, abẹ́rẹ́ ló mọ̀, àmọ́ ó mọ ọ̀nà ulé. Gbogbo àwọn tó wà nídìí iyọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọ tí kò jìnnà ní í tètè dé. N kò ra iyọ̀ náà mọ́. A jẹ ọbẹ̀ àtẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, bàbá rẹ kò sì béèrè.

Mo wá jókòó, mo ronú. Mo ní kì í ṣe ẹjọ́, ìtúnṣe ni. Nígbà tí a fi Káyọ̀dé sẹ́nu iṣẹ́, èmi ni mo mú un lọ. Bàbá rẹ gbé obì kalẹ̀, èmi bu omi fún ọ̀gá, ọ̀gá mu ún níṣojú mi, mo wá fa ọmọ lé e lọ́wọ́, mo ní ojú rẹ̀ rèé, ẹ bá mi kọ́ ọ, ẹ má bá mi pa á. Ìgbà náà ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá tí kò mu omi ìyá ọmọ, kò tíì gba ọmọ. Ìdí nìyẹn tí iná yín kò fi ní jáwọ́ nínú bíbọ̀. Ẹ lè fi ìgèrè bo gbogbo ẹnu wáyà Èkó, bí ẹni tó fa ọmọ kalẹ̀ kò bá jẹ́ ẹni tó bí i, iná kò ní gbọ́.

Nítorí náà mo di agbọ̀n kan. Iṣu mẹ́fà wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ebè rẹ o, ti oko mi ni. Àkùkọ kan wà níbẹ̀, wọ́n so ó lẹ́sẹ̀. Obì wà níbẹ̀. Ejìnrìn rẹ wà níbẹ̀. Igò omi kan wà níbẹ̀, omi odò wa, mo fi ìdérí dí i, mo fi ọ̀dà abẹ́là lẹ̀ ẹ́, kí ó má bàa dà kó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Mo tún ní kí Mary mú tákàdá tó mọ́, kó kọ ọ́ ní èdè òyìnbó pé èmi tí mo tẹ̀ka sísàlẹ̀ yìí ni mo bí Dúrótoyè, pé mo wà láàyè, pé orí mi pé, pé ọkọ kan ni mo fẹ́. Mo tẹ àtàǹpàkò mi sí i. Mo gbé e lọ sí pósítọ́fíìsì kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjọba lé e. Akọ̀wé ibẹ̀ ní sítáǹbù lẹ́tà nìkan ni òun ń lu òǹtẹ̀ lé. Mo ní kò burú. Mo ra sítáǹbù tọ́rọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò mi, mo ní kó lù ú wàyí. Ó wò mí títí, ó lù ú. Ìjọba ti jẹ́rìí sí i.

Samson ní òun kò lè dúró kí n parí lẹ́tà, pé ẹrù àwọn ènìyàn ti kún ọkọ̀. Agbọ̀n àti ìwé ìtẹ̀ka nìkan ló gbé lọ. Mo ní kó má fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ bí kò ṣe ọ̀gá yín fúnra rẹ̀, kó sọ fún un pé kó yọ ti ìyá Ayọ̀bọ́lá kúrò, kó fi tèmi sí i. Mary ní tákàdá ti tán. N óò parí rẹ̀ nígbà tí Samson bá dé.

Ọjọ́ kejìdínlógún.

Samson ti dé. Ó jókòó síwájú mi, mo gbé omi fún un, mo gbé ẹ̀bà fún un, n kò jẹ́ kó jẹ ẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní òun dé ilé tí o ń gbé, òun kan ilẹ̀kùn, ọmọdébìnrin kan ló ṣí i, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti yọ. Ó béèrè orúkọ rẹ̀. Ayọ̀bọ́lá. Ọmọ ọdún méje! Dúrótoyè, kí ló ṣe tí o kò sọ bẹ́ẹ̀? Oorun ọjọ́ mẹ́sàn-án ni o jẹ mí. Ọmọ náà ní ìyá òun lòun ń bá gbé, àfi ìgbà tí Samson wo ojú obìnrin náà, tó rí i pé irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Ìyá ìyá ọmọ náà ni, òun ló ń tọ́ ọ.

Ó ní obìnrin náà béèrè ohun tó wà nínú agbọ̀n, òun sì sọ gbogbo iṣẹ́ tí mo rán òun, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀, títí kan ti pé kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Mo bi í pé ṣé ó bínú. Ó ní kò bínú, ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ró ìró mìíràn, ó wé gèlè, ó bá a lọ sí yunifásítì. Samson fẹ́ gbé agbọ̀n náà, obìnrin náà ní rárá, ẹrù ìyá ọmọ ni, ó gbé e lérí fúnra rẹ̀ kọjá níwájú gbogbo àwọn oníbàtà ibẹ̀, àkùkọ náà ń kọ lórí rẹ̀.

Ó ní wọ́n bá yín nínú yàrá kan tí wáyà kún bí oko ìtàkùn. Ó rí ekòló náà. Ó ní inú gíláàsì ló wà lóòótọ́, kì í ṣe inú rẹ. Mu ejìnrìn náà ṣá. Ó ní ọ̀gá yín ka ìwé mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó béèrè ohun tí igò wà fún, Samson sì sọ fún un. Ọ̀gá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ yọ ọ̀dà abẹ́là kúrò, ó mu omi náà. Ó mu ún dé ìdajì, ó gbé ìyókù fún ọ, o mu ún. Ó ní o dọ̀bálẹ̀ fún agbọ̀n náà lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ, o pẹ́ kí o tó dìde, nígbà tí o sì dìde, o ń nu ojú, o ní èéfín wáyà ni. Mary ní wáyà yẹn kì í rú èéfín. Oòrùn wọ òun náà lójú lọ́jọ́sí. Ẹ ti fi ojú jọ ara yín.

Ọ̀gá fi ìwé mi sínú fáìlì, ó fi í sókè ti àkọ́kọ́. Ó yẹ kí inú mi dùn.

Ṣùgbọ́n Samson ní obìnrin náà sìn ín dé ìdí mọ́tò, ó ní kó jíṣẹ́ fún mi. Ó ní ọjọ́ méjì péré ló kù kí wọ́n dẹ́kun gbígba orúkọ, lẹ́tà kò lè dé Ìjerò kó tún padà, ni òun ṣe fọwọ́ sí i. Ó ní òun náà ní ọmọkùnrin kan, àbíkẹ́yìn òun, tó wà ní ìlú òyìnbó, ọdún kẹrin rèé. Ó ní obìnrin òyìnbó kan ló ń fọwọ́ síwèé fún un níbẹ̀, òun kò mọ ojú rẹ̀, òun kò mọ irú ọbẹ̀ tó ń sè fún un, òun kò sì ní awakọ̀ tó lè bá òun gbé omi dé ibẹ̀. Ó ní kí Samson sọ fún mi pé òun kò gba ọmọ mi. Ó ní òun kàn bá mi gbé e dání ni, bí obìnrin ṣe ń bá obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọmọ kó lè rọ́wọ́ tún ìró rẹ̀ ró.

Mo ní kí Samson máa jẹ ẹ̀bà rẹ̀.

Ó fi aṣọ kan ránṣẹ́ sí mi, àdìrẹ tó dára. Inú mi dà bí omi Ìkógòsì, apá kan gbóná, apá kan tutù, wọ́n sì ń ṣàn pọ̀. N kò ní wọ aṣọ náà. Mo ti gbé e sára wò, ó bá mi mu, mo bọ́ ọ, mo fi í sísàlẹ̀ àpótí. Sẹ̀kínát rí i lára mi láti ojú fèrèsé, ó ní ta ló ra irú aṣọ báyìí. Mo ní ẹni tó ń bá mi gbé ọmọ ní Èkó ni. Kò rẹ́rìn-ín. Bóyá n óò wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi kan ṣoṣo.

N kò ní mo fẹ́ràn obìnrin náà o. Ìgbà mọ́kànlá ṣì ni ìgbà mọ́kànlá. Àmọ́ nínú ebè méjìlá rẹ, ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀. Ọ̀kan péré, kó má rò pé méjì ni. N kò sì ní wà á fún un. Ìwọ ni yóò wà á, bó bá fẹ́ jẹ ẹ́, kó rán ọ wá.

Ohun kan kù, Mary ní kí n má fi sí i, mo ní kó kọ ọ́, ó sì ń kọ ọ́ báyìí, orí rẹ̀ wálẹ̀. Àwòrán ìgèrè iná tí o yà, ó ti dà á kọ sínú tákàdá mìíràn, ó fi í sínú Bíbélì rẹ̀, ó rò pé n kò rí i. Nígbà tí ó ń ka fọ́ọ̀mù rẹ fún mi, kì í ṣe ìsàlẹ̀ nìkan ló pẹ́ sí. Ó pẹ́ sí òkè náà, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sí. Mo rò pé àárò rẹ ló ń sọ ọ́. Mo ti wò ó dáadáa, kì í ṣe àárò. Ohun tó ń ṣe é ni ohun tó ń ṣe èmi pẹ̀lú ìyá Ayọ̀bọ́lá. Bá mi béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín bí wọ́n bá ń gba obìnrin. Ẹni tó rí ìgèrè nínú iná kí ọkùnrin kankan tó rí i nínú ilé yìí, kò yẹ kó máa sá kòkó. Bí wọ́n bá ń gbà, kí ẹnikẹ́ni má bá mi fọwọ́ sí nǹkan kan. Èmi ni n óò mú un wá fúnra mi. Mo ti pọn omi náà sínú igò.

Ọ̀rọ̀ owó. Bàbá rẹ nílò àdá tuntun, èmi nílò bàtà tí n óò fi wọ aṣọ tí n kò ní wọ̀, Mary nílò ìwé tí ìwọ náà mọ orúkọ rẹ̀. Nínú pọ́ùn mẹ́wàá ọ̀gá, yọ méjì fún wa. Ṣùgbọ́n má fi í sínú lẹ́tà, má fi rán Samson, má fi rán pósítọ́fíìsì. Owó tí kò bá ti ọwọ́ rẹ bọ́ sí ọwọ́ mi, n kò ní kà á. Ìsinmi yín ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. O ní ìgèrè iná yẹn kì í ṣí àfi bí a bá kàn án díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti kàn án nìyí.

Ọlọ́run yóò ràn ọ́ lọ́wọ́. Iná kò ní jó ọ, wáyà kò ní gbé ọ, ohun tí o bá ń wádìí kò ní fara pamọ́ fún ọ. Ọmọ obìnrin tó wà ní ìlú òyìnbó yẹn, Ọlọ́run yóò mú òun náà dé layọ̀, obìnrin òyìnbó náà kò ní gbàgbé láti fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ rẹ̀. Àmín.

Bá mi kí ìyá Ayọ̀bọ́lá. Sọ fún un pé mo gbọ́ iṣẹ́ tó rán, mo dúpẹ́, ó ṣeun, kò jẹ́ kí ọmọ mi fẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

Sọ fún un pé mo ti ró ìró mi tán.

Èmi ni,
ìyá rẹ, tó bí ọ,
(àtàǹpàkò mi nìyí)